Ilẹ̀ Lè Jẹ́ Tìrẹ, Ọta Ìbọn Kò Mọ Ààlà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síbi tí gbogbo ará Ìgbómìnà yóò ti rí i kà, pàápàá àwọn tí wọ́n ń ti Èkó àti òkè òkun bọ̀ wá fẹ̀yìn tì sílé.

Ọmọ ilé wa kan dé láìpẹ́ yìí, ó ní òun fẹ́ sọ apá kan nínú oko bàbá òun, láàárín Ọ̀mù-Àrán sí Èsìẹ́, di pápá tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun yóò ti máa yìnbọn sí àmì. Ìbọn kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó bi àwa ọdẹ léèrè ohun tí a rí sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ lásán ni yóò máa lé kiri. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ìbọn náà. Etí ìdí ọta rẹ̀ ni irin inú ìbọn máa ń gbá kí ó tó dún, kì í ṣe àárín. Kò pariwo púpọ̀, kò ta èjìká bí ṣakabùlà, ohun tó sì ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Bí ènìyàn bá gbé ẹnu rẹ̀ sókè, ọta kékeré yẹn lè rìn tó máìlì kan àtààbọ̀ kí ó tó wálẹ̀. Ta ni nínú wa tí oko bàbá rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀? Kí a tó rìn ìdajì rẹ̀, a ó ti kọjá oko ẹlòmíràn, ọ̀nà odò, àti àwọn ọmọ tí ń ti ilé ìwé bọ̀.

Ibi tó fi hàn wá, àpáta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àpáta yóò gba ọta dúró. Rárá o! Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi ẹfun kọ àmì sára òkúta, a sì ń fi ṣakabùlà dán ojú wa wò. Ìgbà kejì tí mo yìn ín, ohun tó jáde lẹ́nu ìbọn mi ló padà wá bá mi ní ojúgun. Ẹyọ kan ṣì wà níbẹ̀ di òní, òtútù ọyẹ́ a máa jẹ́ kí n mọ̀ pé kò tíì lọ. Erùpẹ̀ ló ń gbé ọta mì. Òkúta, omi àti ilẹ̀ líle ń dá a padà ni. Òkìtì erùpẹ̀ tó nípọn, tó ga ju ènìyàn lọ dáadáa, tí a ti ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, òun ni kí ó wà lẹ́yìn àmì. Kò sì nílò pápá gígùn. Àwọn tó ń fi irú ìbọn yìí díje ní Òlíḿpíìkì, mítà 50 ni wọ́n ti ń yìn ín, ojú àmì tí wọ́n ń wá kò ju mìlímítà 10.4 lọ, ìyẹn bíi hóró ẹ̀wà kan.

Bí ọta kan bá kọ̀ tí kò dún, kí ẹnikẹ́ni má sáré tú ìbọn wò. Kí ó kọ ẹnu rẹ̀ sí òkìtì náà fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, torí ó lè pẹ́ kí ó tó dún. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọta wọ̀nyí pẹ̀lú, kí wọ́n má gbé òkìtì náà sí ẹ̀bá odò tí a ń pọn mu. A ò tíì gbàgbé ohun tí òjé inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa góòlù fi ojú àwọn ọmọdé Zamfara rí ní ọdún 2010.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. Láti 1959 ni òfin ìbọn ti sọ pé ẹni tí yóò ní irú ìbọn yìí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé tirẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù nìyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erùkù, ìtòsí wa níbí, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó olùjọsìn wọ igbó lọ. Láti ìgbà náà, bí ìbọn bá dún lóko, àwọn obìnrin a da agbọ̀n sílẹ̀, wọn a sì sá. Ẹni tó bá fẹ́ máa yìnbọn ṣeré ní irú àkókò yìí láìsọ fún ọba, ọlọ́pàá, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú àti gbogbo ẹni tí oko wọn yí i ká, ẹ̀rù ló fẹ́ fi pa ará ilé rẹ̀. Kí akéde kéde ọjọ́ àti wákàtí. Kí àsíá pupa wà lókè ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń yìn ín.

Èmi kò ní kí ó má ṣe é o. Tí ó bá ṣe é dáadáa, n ó kó àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ wa lọ síbẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́, torí àwọn kan nínú wọn kì í wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹran kí wọ́n tó yìnbọn. "Mo pè é ní ẹtu ni" kì í jí òkú.

Ẹsẹ̀ òkè kan wà ní apá kejì oko náà, erùpẹ̀ ibẹ̀ jìn, kò sí ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti ní kí a jọ lọ wò ó lẹ́yìn ìkórè iṣu. Bí ó bá gbà, èmi ni n ó kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì.

Èmi ni tiyín,
Ọdẹ Àgbà kan,
Èsìẹ́, Ìpínlẹ̀ Kwara.