Fóònù Lọ́wọ́ Aboyún: Ohun tí Ètò Abíyè Fi Kọ́ Wa

Ọdún 2001 ni ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fóònù, bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí ará ìlú lè rà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Kí ó tó di ìgbà náà, tẹlifóònù NITEL kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ilé àwọn ọlọ́lá àti ọ́fíìsì ìjọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní Èkó yóò lọ tò sí orí ìlà. Lónìí, ìyá aláta ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ń fi fóònù gba owó ọjà. Ọlọ́kadà ní ìlú Oǹdó ń fi gba ìpè oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, kí ni fóònù lè ṣe, kí sì ni kò lè ṣe? Ìpínlẹ̀ wa ní ìrírí tí a lè fi dáhùn ìbéèrè yìí.

Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2008 fi hàn pé nínú gbogbo ọmọ 100,000 tí a bí láàyè, ìyá 545 ni oyún tàbí ìbímọ ń pa. Ní ọdún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ yìí lábẹ́ Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò dá ètò Abíyè sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ́, tí olú rẹ̀ wà ní Ìgbàrà-Òkè, ni a ti kọ́kọ́ dán an wò. Àwọn tí ó gbé ètò náà kalẹ̀ ka ìfalẹ̀ mẹ́rin tí ó ń pa aboyún: kí ó pẹ́ kí a tó pinnu láti lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó pẹ́ kí a tó dé ibẹ̀, kí ó pẹ́ kí a tó dá aláìsàn lóhùn nígbà tí ó dé, àti kí ó pẹ́ kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bí ọ̀ràn bá kọjá agbára ti kékeré.

Ibi tí fóònù ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Aboyún tí ó forúkọ sílẹ̀ gba fóònù, òun àti òṣìṣẹ́ ìlera tí a yàn fún un sì lè pe ara wọn láìsan kọ́bọ̀. Òṣìṣẹ́ náà mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ti bẹ ilé rẹ̀ wò.

Ìfalẹ̀ àkọ́kọ́ ni a rò pé fóònù náà ràn lọ́wọ́ jùlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọ̀nà àti ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ. Ní ilé púpọ̀, ọkọ tàbí ìyá ọkọ ni ó ń pàṣẹ pé kí aboyún lọ sí ilé ìwòsàn tàbí kí ó ṣì mú sùúrù. Bí ọkọ bá wà lóko tàbí ní ìrìn àjò, orí lè máa fọ́ obìnrin náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa wú, síbẹ̀ kí a máa dúró de àṣẹ. Ìpè kan sí òṣìṣẹ́ ìlera gbé ọ̀rọ̀ náà lé ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Òun ni yóò sọ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù.

Síbẹ̀, kì í ṣe fóònù nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì, ohùn kò sì lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ìdí nìyí tí a fi kọ́ ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́ ní ọdún 2010, tí ti ìlú Oǹdó sì tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní fóònù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe ilé ìwòsàn, owó oúnjẹ wọn ni wọ́n ń lé lọ. Ètò Agbẹ̀bíyè ti ọdún 2014 kò fojú fo èyí: a bẹ̀rẹ̀ sí í san ẹ̀san fún ẹni tí ó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn.

Lónìí, ìṣòro ti yí padà. Fóònù pọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn inú rẹ̀ kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ ìlera nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà, fóònù ni ó gbé irọ́ kiri ní òru pé kí a mu omi iyọ̀ kí a sì fi wẹ̀. Àwọn kan ti ara rẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣì ń wọlé sí orí WhatsApp wa ní àràárọ̀, àgbà ilé sì ni ó máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

A rọ ẹ̀yin tí ẹ ní aboyún nílé pé kí ẹ gba nọ́ńbà ilé ìwòsàn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ àti ti awakọ̀ kan ní àdúgbò, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú, nítorí iná lè lọ kí fóònù sì kú. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 kò gba owó. Bí ẹ bá pè é, ẹ dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé epo tí ó wà nítòsí, nítorí ilé púpọ̀ ni kò ní nọ́ńbà ládùúgbò wa. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi nọ́ńbà náà ṣeré: ẹni tí ó ń dá wọn lóhùn kò lè gbọ́ ti ẹlòmíràn ní àkókò kan náà.