Ṣé Aṣọ Nìkan Ni Ọjọ́ Obìnrin?

Bí ọjọ́ 8 oṣù Kẹta bá dé, a ó ra ankará, a ó ní obìnrin àtọkùnrin dọ́gba. Ó dáa. Àmọ́ tí iléèwé bá jáde, ta ní ń dá mọ́tò dúró fáwọn ọmọ wa lójú títì tó lọ Ògbómọ̀ṣọ́? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Irọ́! Bí ọ̀kadà bá gbá ọmọ, ìyá ló ń ti ìsọ̀. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, Ìyá Ransome-Kuti níwájú wọn, jà nítorí owó orí títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. (Àwa ò lé ọba o!) Ọ̀dà funfun lójú títì là ń bèèrè lọ́wọ́ káńsù. Bí wọn ò bá ṣe é, owó ankará ni ká fi rà á.