Ohun Tí Ó Wà Nínú Ìgò àti Nínú Agbè

Ó ṣọ̀wọ́n ní àkókò yìí kí a ṣe ìnáwó kan láàrin Ọjọ́ àti Òkokomáíkò, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó, ìbáà jẹ́ òkú àgbà, kí a má rí ìgò ọlọ́rùn-gígùn lórí tábìlì àwọn àlejò pàtàkì. Ohun pupa ni ó wà nínú ìgò náà, wáìnì sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ìgò yìí padà, tí a fi sùúrù ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, nígbà púpọ̀ omi, ṣúgà, aró àti òórùn àtọwọ́dá ni a óò bá níbẹ̀. Àwa kò rí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn mu omi ṣúgà bí ó bá wù ú. Ohun tí ó dùn wá ni pé owó wáìnì ni a ń san lé e lórí, tí a sì ń tì ẹmu tòótọ́ sí ẹ̀yìn ilé bí ẹni pé ohun ìtìjú ni.

Èso àjàrà dúdú ni a fi ń ṣe wáìnì pupa. Bí a bá sì fún omi inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àjàrà wọ̀nyí sínú ife, omi náà kò pupa rárá, nítorí pé èèpo ni ó ni àwọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe é fi ń jẹ́ kí omi àti èèpo jọ wà nínú àgbá fún ọjọ́ púpọ̀ bí ó ti ń hó, kí àwọ̀ pupa lè jáde, àti ohun kan tí í máa fún ẹnu pọ̀ bí obì. Ohun tí ó sì ń mú un hó ni ìwúkàrà, ohun alààyè tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí, tí í jẹ ṣúgà tí í sì í sọ ọ́ di ọtí.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kì í dúró de ìwúkàrà tí Ọlọ́run fi sára èso. Wọ́n ń ra ti ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì ń da sulphite sí i kí wáìnì má baà bàjẹ́. Lẹ́yìn ọdún 1980 ni àwọn àgbẹ̀ kan ní àgbègbè Beaujolais ní ilẹ̀ Faransé, tí Marcel Lapierre jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di ọdún 2020, àwọn tí ń ṣe irú wáìnì bẹ́ẹ̀ ní Faransé gba àmì kan tí wọ́n ń pè ní Vin Méthode Nature: ọwọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi já èso rẹ̀, oògùn òyìnbó kò gbọdọ̀ kan oko rẹ̀, ìwúkàrà ara èso nìkan ni yóò mú un hó, sulphite inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tó mílígíráàmù 30 nínú lítà kan. Àwọn ènìyàn ńláńlá ní Paris àti ní London ń fi owó gọbọi ra ìgò tí ó ní ìgẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń yangàn pé ó wà láàyè.

Nígbà tí a ka èyí, ẹ̀rín pa wá. Ta ni kò mọ̀ pé bí adẹ́mu ilẹ̀ Àwórì ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn? Ó fi igbà gun ọ̀pẹ, ó dá a lẹ́nu, ó so agbè mọ́ ọn, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò fi ìwúkàrà kankan sí i; èyí tí ó wà lára igi, lára agbè àti nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Omi dídùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọtí nínú ni ó ń kán láti ara igi. Láàrin wákàtí mélòó kan, yóò ti máa hó, ọtí inú rẹ̀ yóò sì lè tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100. Bí ilẹ̀ bá fi ṣú tí ó tún mọ́, ó ti ń kan, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi di ọtí kíkan pátápátá. Ìfun-ún-fun-un rẹ̀ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ìdọ̀tí ni, ìwúkàrà náà ni.

Ẹ má sì ṣe da méjì pọ̀ mọ́ ọ̀kan. Ẹmu ni ti ọ̀pẹ. Ògùrọ̀ ni ti igi ògùrọ̀ tí ó ń hù nínú àbàtà. Ọ̀pẹ tí a gùn dá yóò tún dúró, a ó sì tún padà sí i. Ṣùgbọ́n ògùrọ̀ kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ayé rẹ̀, ìgbà tí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó yọ òdòdó ni a ń dá a. Bí omi rẹ̀ bá tán, igi náà tán. Nítorí náà, bí a kò bá gbin òmíràn, tí a sì ń da yanrìn dí àbàtà láti kọ́ ilé bí a ti ń ṣe káàkiri àgbègbè wa yìí, a kò ní í rí ògùrọ̀ mu mọ́, iye owó tí ó wù kí a mú lọ́wọ́.

Ẹlẹ́mu ayé òde òní náà kò jẹ́ aláìlẹ́bi. Àwọn kan ń bu omi là á, wọ́n á sì wá fi sakarín dí adùn tí omi ti gbé lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó sì wo ojú rẹ̀. Ẹmu tòótọ́ ń hó wẹ́wẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó ki díẹ̀, adùn rẹ̀ sì ń dín kù bí ọjọ́ ti ń rọ̀. Èyí tí ó bá dùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ gẹ́lẹ́ bí ó ti dùn ní òwúrọ̀, ẹ bi ẹni tí ó gbé e wá pé kí ni ó fi sí i. (Àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò fàyè gba ọtí, kí wọ́n má bínú sí wa; sóbò tiwọn náà, isápá ni ó yẹ kí ó fún un ní àwọ̀, kì í ṣe aró.)

Ẹni tí ó bá sì jẹ́ pé wáìnì pupa ni ó wù ú, a kò dá a lẹ́kun. Kí ó wo ìdá ọtí tí wọ́n kọ sára ìgò: èyí tí a fi àjàrà ṣe sábà máa ń wà láàrin 11 sí 14 nínú 100, orílẹ̀-èdè tí ó ti wá yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC. Bí ó bá rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé sulphite wà nínú rẹ̀, kí ó má ṣe sá. Ní tiwa, a ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra èyí tí kò ní sulphite rárá ní ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ẹ̀bá títì Àgbádárìgì, nítorí pé ooru ni ọ̀tá irú wáìnì bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó fúyẹ́, tí kò tíì pẹ́, irú èyí tí a fi àjàrà Gamay ṣe, tí a gbé sínú yìnyín díẹ̀ kí a tó mu ún, ni ó bá ojú ọjọ́ wa mu. Ìgẹ̀dẹ̀ kì í ṣe àbùkù. Bí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó kú ní Òde-Ìrèlè àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn mìíràn sì kú ní Ìpínlẹ̀ Rivers, nítorí ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Ẹmu kì í ṣe ògógóró, a mọ̀. Ṣùgbọ́n àìmọ ibi tí ohun mímu ti wá àti ọwọ́ tí ó kàn án ni ó pa àwọn wọ̀nyẹn, àìmọ̀ kan náà ni ó sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí ń kọjá níwájú ilé wa lórí ọ̀kadà.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga LASU ti wà ní Ọjọ́ láti ọdún 1983, kò sì yẹ kí ó ṣòro fún àwọn onímọ̀ inú rẹ̀ láti máa yẹ ẹmu ọjà wò láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí fún wa ní èdè tí a gbọ́. Kí ìgbìmọ̀ Ọ̀tọ̀-Àwórì sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àbàtà tí ó kù fún gbígbin ògùrọ̀. Ní ti àwọn ẹlẹ́mu, kí wọ́n kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì: irú igi tí ó ti wá, abúlé tí wọ́n ti dá a, àti ọjọ́ tí wọ́n dá a. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwa yóò ti máa rà á.