Ta Ló Gbin Ìrẹsì Ìlú Irin?

Princess Mononoke jáde ní Jàpáànì ní oṣù Keje ọdún 1997. Hayao Miyazaki ló kọ ọ́, òun náà ló sì darí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Studio Ghibli. Kàtúùnù ni, àmọ́ ẹni tó bá fi ojú eré ọmọdé wò ó yóò ṣìnà, nítorí ogun, ìbọn àti igbó tí wọ́n ń gé run ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọmọ tó bá ní fóònù lọ́wọ́ ní Alákìá ní Ìbàdàn lónìí lè wò ó láìsí olùkọ́ tàbí òbí tó dá sí i. A ti jókòó wò ó, a sì ní ẹjọ́ láti dá. Fíìmù náà jàre nínú ohun púpọ̀, ó jẹ̀bi nínú ohun kan. Ohun kan yẹn kan ẹnikẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ oko Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà.

Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ìmàdò ńlá kan tí inú ti bí sódì já wọ abúlé kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ashitaka, ta á lọ́fà kó má baà pa àwọn èèyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ègún tó wà lára ẹranko náà ran ọmọkùnrin náà lápá. Ọta irin kan ni wọ́n bá nínú òkú ìmàdò náà. Ashitaka wá gbéra láti lọ wá ibi tí ọta náà ti wá. Ó dé ìlú kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin tí wọ́n sì ń rọ ìbọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Eboshi ni olórí wọn. Igbó ni wọ́n ń gé ṣe èédú, òkè ni wọ́n ń wú láti rí irin. Àwọn ẹranko igbó kò gbà fún wọn. Ìkookò ń jà, ìmàdò ń jà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí ìkookò tọ́ dàgbà, San lórúkọ rẹ̀, ń wọ ìlú lóru láti wá pa Eboshi.

Ibi tí fíìmù náà ti kọ́kọ́ jàre ni pé kò sọ Eboshi di ìkà. Òun ló ra àwọn obìnrin tí wọ́n ti tà sílé aṣẹ́wó padà, tó fún wọn níṣẹ́ nídìí ẹwìrì, tí wọ́n fi ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ láìdojúbolẹ̀. Òun ló gba àwọn adẹ́tẹ̀ tí gbogbo ayé sá fún, tó wẹ egbò wọn, tó sì fi iṣẹ́ ìbọn rírọ lé wọn lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní apanirun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn èèyàn wọ̀nyí yóò gbà lọ. Miyazaki mọ ohun tó ń sọ. Ọdún 1941 ni wọ́n bí i, àárín ogun, iṣẹ́ tí ìdílé bàbá rẹ̀ sì ń ṣe nígbà náà ni ṣíṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfuurufú ogun. Ẹni tó jẹun nínú owó ogun nígbà èwe kì í yára tọ́ka sí ẹlòmíràn.

Àwa náà ní láti rọra tọ́ka. Ẹni tó to àpò èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn kì í ṣe ọ̀tá igbó lójú ara rẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ ló ń wá. Àwa ará ìlú tí a ń fi èédú náà yan ẹran lọ́jọ́ ìsinmi ni oníbàárà rẹ̀, síbẹ̀ òun nìkan ni a máa ń bú nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ igi tó ń tán.

Ohun kejì tó jàre lé lórí ni bí ó ṣe so igbó mọ́ ogun. Irin kò lè yọ́ láìsí èédú, èédú kò lè wà láìsí igi, ìbọn kò sì lè wà láìsí irin. Nígbà tí Eboshi kó àwọn ọkùnrin rẹ̀ wọ igbó lọ, àwọn jagunjagun olóyè kan tó ń jẹ́ Asano ló wá ká àwọn obìnrin mọ́ ìlú, nítorí irin náà ni wọ́n ń wá. Ẹni tó rán Eboshi àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ láti gé orí òrìṣà tó ni igbó náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀: ọba ńlá ni, ó jókòó sí ààfin rẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó ń retí pé orí náà yóò fún òun ní àìkú. Àwọn tó ń kú nínú igbó kò mọ ojú rẹ̀. Bí a bá ní kí a sọ ohun kan ṣoṣo tí fíìmù yìí fi ju ọgọ́rùn-ún fíìmù ogun lọ, èyí ni.

Kò sí èyí tó jẹ́ àjèjì sí wa. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ ìròyìn nípa Ọlá-Igbì, abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ tó jẹ́ pé irin yíyọ́ ni iṣẹ́ wọn. Iléru amọ̀ ni wọ́n ń lò, èédú igi ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Irin olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Yúróòpù wọlé ló pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe pé àánú igi ṣe ẹnikẹ́ni. Nínú ogun Kírìjí, láàárín ọdún 1877 sí 1893, ìbọn ìgbàlódé tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí gbà láti Èkó ló mú kí apá Ìbàdàn má ká wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n Ìjàyè ni a fẹ́ kí òǹkàwé bá wa dúró lé lórí. Ẹni tó bá gba Mọ́níyà kọjá ní Akínyẹlé, tó dojú kọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn, yóò dé ilẹ̀ náà. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí wọ́n fi Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àṣà ni pé Àrẹ̀mọ a máa bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Balógun Ìbíkúnlé ló kó ogun Ìbàdàn jáde, Ògúnmọ́lá sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá wá ran Ìjàyè lọ́wọ́. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù Kẹta ọdún 1862, ìlú fọ́.

Ohun tí a máa ń rántí nínú ìtàn yìí ni akin àti oríkì. Ọlá Rótìmí fi Kúrunmí ṣe eré orí ìtàgé, eré náà sì dára. Ohun tí a kì í rántí ni ìyàn. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, kò fi ebi tó mú Ìjàyè pamọ́. Ìlú tí ogun bá ká mọ́ kò lè jáde lọ sóko, oko tí kò bá sí ẹni tó ń ro ó kò sì ní dúró de àlàáfíà. Kí odi tó wó, ìkòkò ti ṣófo. Nígbà tí ogun tán, àwọn tó kù fọ́n ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, igbó sì gba ilẹ̀ wọn padà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn èèyàn tó tún padà wá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ya apá kan ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún igbó ọba. Ní ìgbà Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n tún dá ibùdó oko sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé, kí wọ́n lè fi àgbẹ̀ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Idà ti kọjá lórí ilẹ̀ kan náà, àáké ti kọjá, ọkọ́ náà ti kọjá.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ìjàyè yóò rí ibi tí Miyazaki ti yára jù. Nínú fíìmù náà, nígbà tí wọ́n gé orí òrìṣà igbó, ikú ṣàn jáde lára rẹ̀ bí omi dúdú, gbogbo ohun tó kàn ló rọ. Nígbà tí Ashitaka àti San dá orí náà padà fún un, atẹ́gùn kan fẹ́, ewéko sì bo gbogbo òkè náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó dùn ún wò. Ìjàyè kò rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ wo sì ni ó rí bẹ́ẹ̀? A kò ní ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, nítorí San fúnra rẹ̀ sọ pé bí igi tilẹ̀ hù padà, kì í ṣe igbó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òun àti Ashitaka kò fẹ́ ara wọn ní òpin ìtàn. Òun yóò máa gbé inú igbó, Ashitaka yóò máa gbé ìlú, wọn yóò sì máa rí ara wọn. Òṣogbo ti ń gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ìlú wà lọ́tọ̀, igbó Ọ̀ṣun wà lọ́tọ̀, a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja níbẹ̀, ìlú sì ń lọ bá igbó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ gbèjà rẹ̀ kó tó kú ní 2009. UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti 2005.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí a rí lọ́wọ́ fíìmù náà wà níbòmíràn. Nígbà tí Eboshi kọ́kọ́ farahàn, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń da màlúù lọ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ìrẹsì ni màlúù náà rù. Ìlú irin kò gbin nǹkan kan. Wọ́n ń fi irin ra oúnjẹ. Ashitaka náà ra ìrẹsì lọ́jà, wúrà ló fi sanwó. Ní ọ̀nà, ó rí i tí àwọn jagunjagun ń pa ará abúlé kan. Fíìmù náà kọjá lọ, a kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ta ló gbin ìrẹsì náà? Ilẹ̀ wo ló gbìn ín sí? Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Nínú wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú bíi mẹ́tàlá, a gbọ́ ohùn ìkookò, a gbọ́ ti ìmàdò, a gbọ́ ti alágbẹ̀dẹ àti ti adẹ́tẹ̀. A kò gbọ́ ohùn àgbẹ̀. Miyazaki pín ayé sí igbó àti irin, ó wá gbàgbé ẹni tó dúró sí ààlà méjèèjì tí ọkọ́ wà léjìká rẹ̀.

Kí a tó dá a lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Àkàrà-Oògùn, akọni ìwé Ògbójú Ọdẹ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ọdẹ ni. Igbó inú ìtàn wa, ti ọdẹ àti ti iwin ni. Àwọn kàtúùnù tí àwọn ọmọ wa ṣe láìpẹ́ kò yàtọ̀. Lady Buckit and the Motley Mopsters ti ọdún 2020 lọ sí Oloibiri, ìlú epo rọ̀bì, ohun èlò ìmọ́tótó tó ń sọ̀rọ̀ ló sì fi ṣe ọ̀rẹ́ wa. Nínú Kizazi Moto ti 2023, Shofela Coker sọ Mọremí di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ayé ọjọ́ iwájú. Ọgbọ́n ńlá ni, a kí i. Iwájú ti 2024, tí Kugali ṣe pẹ̀lú Disney, kò jáde kúrò ní Èkó. Ọwọ́ àwọn ayàwòrán wa ti tó ohun tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó. Ìtàn tí wọ́n ń mú ni a kò tíì fara mọ́.

Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kò sì tíì di ìtàn àtijọ́ ní àyíká wa. Akanran ní Ọ̀nà-Àrà ni Táfà Adéoyè ti wá, ẹni tó ṣáájú àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969, nígbà tí owó orí wọ àgbẹ̀ kòkó lọ́rùn tí ọ̀rọ̀ fi di ìbọn. Lónìí, kì í ṣe owó orí mọ́. Circular Road Ìbàdàn tí gígùn rẹ̀ ń lọ sí kìlómítà 110 ń gba oko àwọn abúlé àyíká wa kọjá, àwọn awọnlẹ̀ sì ń ri òkúta àmì mọ́ àárín pákí àti kòkó. Títì dára, a kò ní sọ pé kò dára. Eboshi náà kò sọ pé irin kò dára. Àgbẹ̀ tó bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ tó bá òkúta nínú oko rẹ̀ ló yẹ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ kí títì tó dé, nítorí bí ó bá kúrò nídìí oko, kò sí òkúta kankan tí a lè gún níyán.

Ẹjọ́ wa rèé. Princess Mononoke yẹ ní wíwò, ó sì yẹ kí a wò ó ní ilé-ìwé gírámà, kí olùkọ́ dá a dúró níbi tí màlúù ti ń ru ìrẹsì, kó sì ní kí àwọn ọmọ kọ ìtàn ẹni tó gbìn ín. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún méjìlá kò gbọdọ̀ dá a wò: wọ́n ń gé orí àti apá níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Sí àwọn ayàwòrán wa, ẹ̀bẹ̀ ni: Ìjàyè wà níbẹ̀, ọkọ̀ kan péré láti Mọ́níyà. Ẹ lọ bá àwọn àgbààgbà ibẹ̀ jókòó, kí ẹ sì fi kàtúùnù sọ ogun 1860 ní èdè Yorùbá láti ẹnu àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà láàárín ogun méjèèjì. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà bá wọn wá owó sí i.