Ẹ Má Tú Yìgì ní Kọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń yẹra fún un, obìnrin ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ jù. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ni.

Bí ìgbéyàwó bá dàrú ní Ẹ̀pẹ́, tàbí ní èyíkéyìí nínú ìlú 13 tí wọ́n para pọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, ẹlòmíràn á ní, "Níbo ni n ó ti rí owó lọ́yà?" Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àáfà nìkan ni ó so yìgì yín, ẹ lè parí ọ̀rọ̀ náà láìgba lọ́yà. Ẹ̀rí ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣaláìní.

Ìlàjà ni àkọ́kọ́. Súúrà kẹrin nínú Àlùkùránì ní kí a yan àgbà kan láti ìdílé ọkọ àti ọ̀kan láti ìdílé ìyàwó. Ẹ yan olódodo, ẹ má yan ẹni tí yóò bu epo sí iná. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, ààbò ẹ̀mí ló ṣíwájú: kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó sì fi tó ọlọ́pàá létí.

Bí ìlàjà kò bá ṣeé ṣe, kí ọkọ sọ ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí ìyàwó kò sí nínú nǹkan oṣù. Ìyàwó yóò ka nǹkan oṣù mẹ́ta. Aboyún yóò dúró títí yóò fi bímọ. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró yóò ka oṣù mẹ́ta. Kí ọkọ má lé e jáde nílé láàárín ìgbà náà. Bí ó bá sì jẹ́ ìyàwó ni kò lè dúró mọ́, ó lè dá sàdáàkì padà, bí ìyàwó Thabit ọmọ Qays ti dá ọgbà ọkọ rẹ̀ padà nígbà ayé Ànọ́bì.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: ọkọ sọ ọ́ lóru, kò sí ẹlẹ́rìí. Lọ́dún kejì, obìnrin fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn, ọkọ ní òun kò sọ ohun tó jọ ọ́. Kí ni obìnrin náà yóò nà mú? Ìdí nìyí tí Súúrà 65 fi ní kí a mú olódodo méjì ṣe ẹlẹ́rìí. Kí Lèmọ́mù kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, nítorí ìjọba kò ní kóòtù Ṣàríà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ rí akọ̀wé kóòtù, ẹ san owó ìwé, wọn yóò fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ẹnì kejì. Ẹ mú ẹlẹ́rìí, ìwé Lèmọ́mù àti ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ dání. Lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ̀rọ̀, kí ó ṣe ṣókí. Èébú kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ti àwọn ọmọ, ire wọn ni kóòtù ń wò. Nítorí náà, ẹ kọ iye owó oúnjẹ, ilé ìwé àti oògùn wọn sórí ìwé. Bí ìdájọ́ bá jáde, ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ kóòtù, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ti ń tọ́jú wúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísìrì, ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Kóòtù Gíga nìkan ló lè tú u, lábẹ́ òfin 1970. Bí ìgbéyàwó náà kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù. Níbẹ̀, ó sàn kí ẹ rí lọ́yà. Bí kò bá sí owó, ẹ wá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà.

Níwájú ènìyàn ni a ti so yìgì. Níwájú ènìyàn náà ni kí a ti tú u. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ilé wa tòrò. Àmín.