Ẹṣin Kò Parun ní Ìjẹ̀bú-Òde: Ta Ni Yóò Gba 504 Là?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń bi mí ní Ìjẹ̀bú-Òde: ǹjẹ́ àwọn ọkọ̀ asáré ìgbà náà, àwọn onílẹ̀kùn méjì tí ojú kì í sú láti wò, tún lè padà wá bí? Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nìkan. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tó fẹ́ bá àwọn àgbà wọlẹ̀ lọ ni.

Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ. Peugeot 504 ni mo yàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Píjò. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1969, òun ni wọ́n fi jẹ ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà ní Yúróòpù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ náà pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 1975, ó di ọmọ onílé. Ó di ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba, ó di ọkọ̀ ọ̀gá ilé ìwé, ó sì di ọkọ̀ èrò onílà ìjókòó mẹ́ta tó ń náwọ́ gán èrò lójú pópó.

Ṣùgbọ́n 504 yìí ní àbúrò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí rí: èyí tó jẹ́ onílẹ̀kùn méjì. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀. Ní 1978, awakọ̀ ará Faransé kan, Jean-Pierre Nicolas, fi èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V6 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ilẹ̀ Kenya. Ọdún náà gan-an ló tún fi gba ipò kìíní ní Côte d'Ivoire. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1975, Ove Andersson ti fi 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin borí ní Safari. Ẹ ò rí i pé ojú ọ̀nà eléruku àti ẹlẹ́rẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni ọkọ̀ yìí ti gba orúkọ! Ohun tí àwọn bàbá wa rí lára rẹ̀ náà nìyẹn. Ó ga nílẹ̀, ó ń gba kòtò mọ́ra, kò sì ní kọ̀ǹpútà nínú. Etí àti ọwọ́ ni mẹkáníìkì fi ń mọ ohun tó ń ṣe é.

Ìrètí pé yóò jí dìde kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, nígbà tí 504 pé àádọ́ta ọdún, Peugeot gbé ọkọ̀ kan wá síbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris, wọ́n pè é ní e-Legend. 504 onílẹ̀kùn méjì ni wọ́n wò ṣe é, iná mànàmáná ló sì ń lò. Inú àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ dùn débi pé wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ sí i, pé kí ilé iṣẹ́ náà jọ̀wọ́ ṣe é fún títà. Kò dé ọjà. Ti àwọn ẹlòmíràn dé ọjà: Renault sọ Alpine A110 dọ̀tun ní 2017, ó sì ti tó nǹkan bí ogójì ọdún tí wọ́n ti dáwọ́ ti àkọ́kọ́ dúró. Volkswagen náà gbé Ìjàpá tuntun jáde, ṣùgbọ́n ní 2019 wọ́n tún pa á tì. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ilé iṣẹ́ a máa jí orúkọ dìde nígbà tí èrè bá wà níbẹ̀, a sì máa tún un sin nígbà tí èrè bá tán. Ẹni tó bá gbé ìrètí rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ọwọ́ ọlọ́wọ́ ló gbé e lé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń wo ilé. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde a gbéra lọ sí Ojúde Ọba láti júbà Awùjalẹ̀. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ a jáde lẹ́gbẹẹgbẹ́, Bọ́bagbìmọ̀, Gbọ́bańiyì, Bọ́bakẹ́yẹ, nínú aṣọ tí ó bára mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá gun ẹṣin dé, orí ìdúró ni gbogbo ènìyàn ń wà. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn ká gbogbo ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó wò. Ìjẹ̀bú kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Ilẹ̀ igbó ni, eṣinṣin tí ń fún ẹṣin ní àrùn sì wà nínú igbó. Kò sí ẹni tó ń gun ẹṣin lọ sí ọjà tàbí oko ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí. Mọ́tò ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Síbẹ̀ ẹṣin kò parun láàárín wa. Kí ló dé? Ohun mẹ́ta ni mo rí. Ẹṣin ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń retí rẹ̀. Ó ní ilé tí ojú yóò tì bí kò bá jáde. Ó sì ní ọmọ, nítorí pé àwọn ọmọ kéékèèké náà ń gùn ún lọ́jọ́ náà, lójú àwọn bàbá wọn.

Ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí. Tòkúnbọ̀ dé, a sì ti 504 sẹ́yìn ilé. Ọwọ́ ẹni tó lè tún un ṣe náà kò dúró pẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ lọ sí ọgbà àwọn mẹkáníìkì àgbà, ẹ ó rí àkísà náà: kabúrẹ́tọ̀ nínú garawa, gíá lábẹ́ igi, ilẹ̀kùn tó jókòó ti ògiri. Lójú ẹlòmíràn, pàǹtírí ni. Lójú ọ̀gá, ó mọ ọkọ̀ tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá àti èyí tí yóò bá mu. Ọjọ́ tí ọ̀gá náà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ta gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin. Òpin ìmọ̀ náà nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wo ọ̀dà rẹ̀, nítorí irin tí ìpẹtà ti jẹ máa ń náni ju ẹ́ńjìnnì tó kú lọ. Ẹ má gbé e pamọ́ láìwà á: bẹntiróòlù yóò bàjẹ́ nínú rẹ̀, rọ́bà yóò gan, bíréèkì yóò sì mú. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ mú ọmọ kan dání tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya iṣẹ́ rẹ̀ ní fídíò, kí ẹ sì gba orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ san owó rẹ̀ pé, nítorí iṣẹ́ tí kò bọ́ ọ̀gá, ọmọ rẹ̀ kò ní kọ́ ọ. Bí ẹ bá sì tó ẹgbẹ́, ẹ mú ọjọ́ kan nínú ọdún tí ẹ ó máa wà á yí ìlú ká.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Ìjẹ̀bú kò ní ọwọ́ iṣẹ́. Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, iṣẹ́ táyà àti rọ́bà sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Púpọ̀ nínú ohun tó ń yọ 504 lẹ́nu lónìí, rọ́bà ni.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nìyí. Paris lè jí 504 dìde, ó sì lè má jí i dìde. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé bàbá yín ń kọ́? Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.