Kí Wọ́n Bi Aládùúgbò Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Sí I

Bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ ilé gbígbé di gbọ̀ngàn àríyá ní Ìjẹmọ̀, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ wà. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n Òkè-Mosàn kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ yóò ti máa ké mọ́jú, ẹ̀gbẹ́ yàrá aládùúgbò ni. Lóòótọ́, onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti jèrè ohun ìní rẹ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé náà fún ọjọ́ 21, kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tó yí i ká, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí lẹ rí sí i?